Èdè Ìlú Lẹ́nu Àlejò: Ẹ̀kọ́ láti inú Ìtàn Àwọn Yorùbá ní Ilẹ̀ Gánà

Àwọn àgbà a máa wí pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí a bá tú òwe yìí wò, a óò rí i pé ohun méjì ni ó ń bá wa sọ. Èkíní ni pé kì í ṣe ojú ni àlejò kò ní. Ìmọ̀ nípa ibi tí ó dé sí ni kò tíì ní. Èkejì ni pé ìmọ̀ náà ṣe é kọ́. Ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí àlejò gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ojú rẹ̀ tó lè ríran ni èdè àwọn onílùú. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn fi pọ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lórí ìbéèrè kan ṣoṣo: ǹjẹ́ ó yẹ kí ẹni tí ó ṣí wá sí ìlú kọ́ èdè tí ó gbilẹ̀ jù níbẹ̀?

Ìdáhùn tí ó máa ń yá ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé bẹ́ẹ̀ ni, àti pé ẹni tí kò bá lè kọ́ ọ kí ó padà sí ilé rẹ̀. Àwọn mìíràn a sì dáhùn pé rárá, pé ẹni tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tí kò rú òfin kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè èdè. Lójú tèmi, ìdáhùn méjèèjì ni kò jinlẹ̀ tó. Èdè ìlú dára ní kíkọ́, ó sì pọn dandan fún ẹni tí ó bá fẹ́ bá àwọn onílùú gbé. Ṣùgbọ́n èdè nìkan kò lè sọ àlejò di ọmọ-ìlú bí òfin kò bá ṣílẹ̀kùn fún un. Kì í ṣe èrò lásán ni mo fi ń sọ èyí. Ìtàn àwọn ènìyàn wa ní ilẹ̀ Gánà ni ẹ̀rí mi, pàápàá ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn ní 1969.

Bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀

Kí ilẹ̀ náà tó gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta 1957, Gold Coast ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ìrìn-àjò láti ìhà ìlà-oòrùn lọ sí ibẹ̀ ti pẹ́ ju ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ní ìlú Accra, ní àdúgbò James Town, àwọn ìran kan wà tí à ń pè ní Ngleshie Alata. Ngleshie ni orúkọ tí àwọn Ga fi ń pe Gẹ̀ẹ́sì; Alata sì ń rán wa létí Àládà, ìlú àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Benin òde òní. Ìtàn ẹnu wọn sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó wá láti ìhà ìlà-oòrùn, nígbà tí wọ́n ń kọ́ odi James Fort ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ni baba ńlá wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí kọ́ èdè Ga, wọ́n fẹ́ ọmọ Ga, wọ́n sì bí ọmọ tí ó jẹ́ pé Ga ni ó kọ́kọ́ yọ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ó yá, àdúgbò wọn di ọ̀kan nínú àdúgbò méje tí ó para pọ̀ di ìlú àwọn Ga ní Accra. Wọ́n ní Mantse tiwọn, èyí tí í ṣe olórí, gẹ́gẹ́ bí àwọn yòókù ti ní. Lónìí, kò sí ẹni tí yóò pe ọmọ Ngleshie Alata ní àlejò ní Accra. Orúkọ ìdílé wọn nìkan ni ó ń tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti wá.

Lẹ́yìn àwọn wọ̀nyẹn ni àwọn oníṣòwò wa wá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọjà Salaga ní ìhà àríwá gbajúmọ̀ gidigidi nítorí obì, àwọn Háúsá sì ni wọ́n ń rìn ọ̀nà náà jù. Orúkọ tí àwa Yorùbá fi ń pe obì náà, gbàǹja, jọ orúkọ ilẹ̀ Gonja tí Salaga wà. Nígbà tí ó fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn oníṣòwò láti Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti àwọn ìlú mìíràn ti ń fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn yìí, pẹ̀lú ẹrù aṣọ òkè lórí. Ojú irin láti Sekondi dé Kumasi ní 1903. Nígbà tí ó di 1911, Gold Coast ti di ilẹ̀ tí ń pèsè kòkó jù ní gbogbo àgbáyé. Níbi tí kòkó bá wà, owó wà níbẹ̀; níbi tí owó bá sì wà, oníṣòwò kò ní jìnnà síbẹ̀.

Iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn wa ṣe kì í ṣe iṣẹ́ ńlá ní ojú ẹni tí kò mọ ọjà. Abẹ́rẹ́, òwú, àgádágodo, dígí, àwo, aṣọ àti ìṣáná ni ọ̀pọ̀ wọn ń tà. Wọn a ra ọjà ní iye púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ní ìlú ńlá, wọn a pín in sí kéékèèké, wọn a sì gbé e dé abúlé tí àwọn ilé-iṣẹ́ náà kò lè dé. Wọn a tún ta àwìn títí di ìgbà ìkórè kòkó, gẹ́gẹ́ bí òṣómàálò ti ń ṣe ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí ìjọba Gánà ka àwọn ènìyàn ilẹ̀ náà ní 1960, iye wọn lé díẹ̀ ní 6,700,000. Àwọn Yorùbá tí ó wà láàrin wọn tó nǹkan bí 100,000.

Èdè tí wọ́n kọ́ àti èdè tí wọn kò fi sílẹ̀

Bí a bá bi wá léèrè pé èdè wo ni ó gbilẹ̀ jù ní Gánà, ìdáhùn náà kò rọrùn. Ní Kumasi àti ní àwọn abúlé kòkó, Twi ni. Ní Accra, Ga ni èdè àwọn onílẹ̀. Ní Tamale, Dagbani ni. Ní sáńgo, èyí tí í ṣe àdúgbò àwọn àlejò ní ìlú kọ̀ọ̀kan, Háúsá ni èdè tí ó pa gbogbo ẹ̀yà pọ̀. Gẹ̀ẹ́sì sì ni èdè ìjọba, ilé-ẹjọ́ àti ilé-ìwé. Àwọn ènìyàn wa kò jókòó láti bi ara wọn pé èwo ni ó yẹ kí wọ́n kọ́. Èyí tí oníbàárà wọn ń sọ ni wọ́n kọ́. Ẹni tí ó wà ní Kumasi gbọ́ Twi, ẹni tí ó wà ní Tamale gbọ́ Dagbani, mùsùlùmí tí ó ń gbé sáńgo sì gbọ́ Háúsá pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ wọn gbọ́ èdè méjì tàbí mẹ́ta láìjẹ́ pé wọ́n wọ ilé-ìwé fún ọ̀kankan nínú wọn. Ọjà ni ilé-ìwé wọn, oníbàárà ni olùkọ́ wọn, èrè sì ni ìwé-ẹ̀rí wọn.

Kò lè ṣe kí ó má rí bẹ́ẹ̀. Títa àwìn kò ṣe é ṣe láìsí èdè. Ẹni tí yóò fi ọjà sílẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ títí di ìgbà ìkórè gbọ́dọ̀ lè bi í léèrè ìdílé rẹ̀, kí ó mọ ilé rẹ̀, kí ó bá a dárò bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ẹ́, kí ó sì lè fi ọ̀rọ̀ dídùn gba owó rẹ̀ láìdá ìjà sílẹ̀. Kò sí ògbufọ̀ tí ó lè ṣe èyí fún ènìyàn lójoojúmọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé èdè ìlú kò ṣe pàtàkì fún àlejò, kí ó lọ bi oníṣòwò léèrè.

Èdè kì í sì í rìn ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Alata ni orúkọ tí àwọn tí ń sọ Twi fi ń pe Yorùbá, wọ́n sì tún máa ń pe gbogbo ọmọ Nàìjíríà bẹ́ẹ̀. Títí di òní, alata samina ni wọ́n ń pe ọṣẹ dúdú ní Gánà, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe ọṣẹ àwọn Alata. Ní ọ̀dọ̀ tiwa náà, ẹ̀wà àgànyìn tí à ń jẹ ní Èkó ń jẹ́ orúkọ àwọn àlejò tí wọ́n ti ìhà ìwọ̀-oòrùn gbé e wá. Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń kọ́ èdè onílé, bẹ́ẹ̀ náà ni wọn kò jẹ́ kí tiwọn kú. Wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń parí ìjà, tí wọ́n ń dá owó fún ìdàgbàsókè ilé, tí wọ́n sì ń ṣe ètò ìsìnkú. Púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin ni wọ́n wá fẹ́ ìyàwó láti ilé. Púpọ̀ ni wọ́n kọ́ ilé sí ìlú wọn, bí wọn kò tilẹ̀ ní í gbé inú rẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dún. Ẹ̀sìn pẹ̀lú jẹ́rìí sí i. Àwọn oníṣòwò Yorùbá, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ni wọ́n gbin ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi àkọ́kọ́ sí ilẹ̀ náà, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi ń ṣe ìsìn nínú púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tí ó bá ń ná ọjà ní Twi láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta a máa gbàdúrà ní Yorùbá ní ọjọ́ Ìsinmi.

Lójú àwọn onílé kan, èyí ni àléébù wọn. Wọ́n ní àwọn Alata ń gbé Gánà ṣùgbọ́n ilé ni ọkàn wọn wà. Pé wọ́n ń jẹ níhìn-ín, wọ́n sì ń kọ́lé lọ́hùn-ún. Ó yẹ kí á gba ti onílé rò pẹ̀lú. Owó kòkó ti wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé ní àárín àwọn ọdún 1960, iṣẹ́ kò tó, gbèsè ìjọba pọ̀, àwọn ọ̀dọ́ Gánà sì ń rí i pé àlejò ni ó jókòó sí ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ní ọjà ìlú wọn. Nígbà tí ebi bá ń pa onílé, kì í pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka òkèlè àlejò.

Àṣẹ ọjọ́ mẹ́rìnlá

Ní oṣù kẹjọ 1969, àwọn ará Gánà dìbò yan ìjọba tuntun tí Ọ̀mọ̀wé Kofi Abrefa Busia jẹ́ olórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún náà, ìjọba yìí pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú wá a kí ó tó di ọjọ́ mẹ́rìnlá, tàbí kí ó fi ilẹ̀ Gánà sílẹ̀. Gbèdéke náà bọ́ sí ọjọ́ 2 oṣù kejìlá. Àṣẹ náà kan àwọn ará Nàìjíríà, Tógò, Upper Volta tí à ń pè ní Burkina Faso lónìí, Niger àti àwọn mìíràn. Àwọn Yorùbá sì wà lára àwọn tí ó kàn jù.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ohun tí ọjọ́ mẹ́rìnlá túmọ̀ sí fún ẹni tí ó ti lo ọgbọ̀n ọdún. Àwìn tí ó tà ṣì wà lóko lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ọjà rẹ̀ wà ní ìsọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní ilé-ìwé. Bí ó bá gbé ọjà náà síta láti tà á kíákíá, gbogbo àwọn tí ó jọ ń lọ ni wọ́n ń ta tiwọn pẹ̀lú, owó rẹ̀ yóò sì wálẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n fi ohun ìní àti gbèsè tí wọn kò rí gbà sílẹ̀. Nàìjíríà tí wọ́n ń padà sí kò fara rọ, nítorí ogun abẹ́lé kò tíì parí nígbà náà. Púpọ̀ nínú àwọn ilé ìsìn tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan di òfìfo, nítorí pé àwọn tí ó ń gbọ́ èdè tí a fi ń wàásù níbẹ̀ ti lọ. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1970, ìjọba ṣe òfin mìíràn tí ó fi àwọn òwò kéékèèké kan sí ìkáwọ́ ọmọ Gánà nìkan.

Níhìn-ín ni ìbéèrè wa ti le. Ṣé nítorí pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò gbọ́ èdè ìlú ni a fi ní kí wọ́n lọ? Rárá o. Àwọn tí ó gbọ́ Twi jù ni wọ́n wọ inú ọjà jù. Àwọn tí ó wọ inú ọjà jù sì ni ìlara wọn pọ̀ jù. Èdè tí ó fún wọn ní oúnjẹ ni ó tún gbé wọn sí ojú táyé. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí a bí síbẹ̀ tilẹ̀ tún burú jù. Lábẹ́ òfin ọmọ-ìlú tí Gánà ṣe ní 1957, bíbí nìkan kò tó fún ẹni tí a ti bí ní ilẹ̀ náà ṣáájú òmìnira. Ó gbọ́dọ̀ ní òbí tàbí òbí àgbà kan tí a bí síbẹ̀ pẹ̀lú. Nípa báyìí, ọmọ tí a bí ní Kumasi, tí ó ń lá àlá ní Twi, lè jẹ́ àjèjì níwájú òfin bí ó bá jẹ́ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni a bí bàbá, ìyá àti àwọn òbí wọn sí.

Èdè ọjà àti èdè ọ́fíìsì

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí mo rò pé a kì í sábà ronú kàn. Nígbà tí a bá ń sọ pé kí àlejò kọ́ èdè ìlú, a máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni èdè ìlú. Ní Gánà, méjì ni. Èkíní ni èdè ọjà: Twi, Ga, Dagbani àti Háúsá. Èkejì ni èdè ọ́fíìsì, Gẹ̀ẹ́sì, tí a fi ń kọ òfin, ìwé ìrìnnà, ìwé ọjọ́ ìbí àti ìwé àṣẹ ìgbélùú. Àwọn ènìyàn wa gbọ́ èkíní dáadáa. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn, àwọn obìnrin pàápàá, ni kò ní àǹfààní láti kọ́ èkejì. Ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀ náà wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí Nàìjíríà pẹ̀lú wà lábẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tí ó bi oníṣòwò léèrè ìwé. Nígbà tí a sì béèrè rẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, àwọn tí wọ́n mọ bí a ti ń béèrè fún un kò pọ̀. Twi ni a fi ń ná ọjà. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ àṣẹ tí ó lé oníṣòwò kúrò nínú ọjà náà.

Ẹnìkan lè sọ pé bí wọ́n bá ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, nǹkan ìbá sàn. Ìtàn kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Àwọn àgbà ní pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn ní Nàìjíríà, tí nǹkan sì le ní Gánà, àwọn ará Gánà wá sí ọ̀dọ̀ wa ní ọ̀pọ̀ yanturu. Àwọn kan ń ṣe iṣẹ́ kọ́ńkéré, àwọn kan ń ránṣọ, àwọn kan sì jẹ́ olùkọ́ ní àwọn ilé-ìwé girama wa. Àwọn olùkọ́ wọ̀nyí gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí í ṣe èdè ọ́fíìsì wa. Ọ̀pọ̀ wọn tilẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ọmọ Nàìjíríà ní Gẹ̀ẹ́sì náà. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní 1983, ìjọba Alhaji Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé lọ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. A fi àkókò náà gùn di ìparí oṣù kejì fún àwọn tí ó ní iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn tí ó lọ lé ní mílíọ̀nù kan, àwọn ará Gánà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ẹnubodè tí wà ní títì, wọ́n há sí ojú ọ̀nà títí Gánà fi ṣí tirẹ̀ ní ìparí oṣù kìn-ín-ní náà. Orúkọ tí a sọ báàgì onílà tí wọ́n di ẹrù wọn sí, Ghana Must Go, kò tíì kúrò lẹ́nu wa títí di òní. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1979 pé kí ọmọ ilẹ̀ kan lè wọ ilẹ̀ èkejì láìgba físà fún àádọ́rùn-ún ọjọ́.

Nítorí náà, àwọn Yorùbá ní èdè ọjà ní Gánà, a lé wọn. Àwọn ará Gánà ní èdè ọ́fíìsì ní Nàìjíríà, a lé àwọn náà. Bí èdè bá jẹ́ kọ́kọ́rọ́, ilẹ̀kùn ọjà, ilẹ̀kùn ilé ọ̀rẹ́ àti ilẹ̀kùn ilé àna ni ó ń ṣí. Ilẹ̀kùn ọmọ-ìlú ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ọwọ́ ìjọba ni ó sì wà.

Ohun tí onílé jẹ àlejò, àti ohun tí àlejò jẹ onílé

Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni wọ́n ti so kọ́kọ́rọ́ méjèèjì pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti 1906 ni òfin ti béèrè pé kí ẹni tí ó fẹ́ di ọmọ-ìlú lè sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1981 béèrè Gẹ̀ẹ́sì, tàbí èdè Welsh, tàbí Gaelic ti Scotland. Gánà fúnra rẹ̀ ti yí padà. Ìwé òfin ilẹ̀ náà ti 1992 sọ pé a kò gbọdọ̀ forúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ-ìlú àfi bí ó bá lè sọ èdè ìbílẹ̀ Gánà kan, tí ó sì gbọ́ ọ. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n béèrè. Èdè tí àwọn oníṣòwò wa kọ́ ní ọjà ni wọ́n béèrè. Ohun tí àwọn ọmọ Kumasi ti 1969 ní lẹ́nu, tí kò níye lórí níwájú òfin nígbà náà, ni ó wá di ohun tí òfin ń wá.

Mo gbà pé òfin báyìí dára, bí a bá lò ó pẹ̀lú àánú. Ó dára nítorí pé ó sọ fún àlejò pé iṣẹ́ tí ó ṣe láti kọ́ èdè kò ní í já sí asán. Ṣùgbọ́n kò dára kí a fi èdè ṣe òṣùwọ̀n ìwà ọmọlúàbí. Ìyá arúgbó tí ó bá ọmọ rẹ̀ lọ sí òkèèrè, tí ahọ́n rẹ̀ ti le, kì í ṣe ènìyàn burúkú nítorí pé kò lè kọ́ èdè mọ́. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di òru kò ya ọ̀lẹ nítorí pé kò rí àkókò wọ kíláàsì. Bí onílé bá fẹ́ kí àlejò kọ́ èdè, kí ó pèsè olùkọ́, kí ó pèsè àkókò, kí ó má sì ṣe fi ẹni tí ń kọ́ ọ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ọ̀dọ̀ àlejò náà, gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé ìlú ní ogún ọdún tí kò lè kí aládùúgbò rẹ̀ ní èdè rẹ̀ ti pàdánù, ó sì ti fi nǹkan du aládùúgbò rẹ̀. Àwọn Ngleshie Alata fi hàn wá pé èdè àti ìtẹ́wọ́gbà, bí wọ́n bá jọ rìn fún ìgbà pípẹ́, lè sọ àlejò di ará ilé. Àwọn oníṣòwò 1969 sì fi hàn wá pé bí èdè bá ń dá rìn láìsí ìtẹ́wọ́gbà, ọjọ́ mẹ́rìnlá tó láti tú ilé ọgbọ̀n ọdún ká. Síbẹ̀ náà, èdè tí wọ́n kọ́ kò ṣòfò. Àwọn Yorùbá kò tán ní Gánà. Wọ́n wà ní Accra, ní Kumasi àti ní Tamale títí di òní. Lára àwọn tí a lé, àwọn kan tún padà lọ, nítorí pé ìjọba lè gba ìsọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn ṣùgbọ́n kò lè gba Twi lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan tún kù, òun ni ó sì kan àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ jù. Àwọn ọmọ tí àwọn òbí wọn kó wálé ní 1969 wọ ilé-ìwé ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbọ́ Twi, Ga tàbí Háúsá ju Yorùbá lọ. Àwọn tí ẹgbẹ́ ìlú, ilé ìsìn àti ẹnu ìyá wọn ti jẹ́ kí wọ́n mọ Yorùbá rí ibi fìdí lé. Àwọn tí kò gbọ́ ọ di àlejò lẹ́ẹ̀kejì, ní ìlú baba wọn. Èyí ni ó fi yé wa pé kíkọ́ èdè onílé kò gbọdọ̀ sọ èdè ilé di ohun ìgbàgbé. Odò kì í ṣàn kí ó gbàgbé orísun rẹ̀. Àlejò kò sì mọ ọjọ́ tí a ó ní kí ó di ẹrù rẹ̀.

Ìlànà Ìjọba Àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́ tí ó jáde ní 1977 gbà á níyànjú pé kí ọmọ Nàìjíríà kọ̀ọ̀kan kọ́ ọ̀kan nínú èdè ńlá mẹ́ta ilẹ̀ wa tí kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀. Bí gbogbo wa bá fi tọkàntọkàn tẹ̀ lé ìmọ̀ràn yẹn, àlejò ìbá dín kù láàrin wa. Ní ìlú tí ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí wà, kì í ṣe èdè kan ṣoṣo ni à ń gbọ́ ní ọjà. Láìpẹ́, olúkúlùkù wa yóò dúró níwájú kíláàsì kan, ọmọ kan yóò sì wà ní ìjókòó ẹ̀yìn tí kò gbọ́ ohun tí a ń sọ. Iṣẹ́ tiwa ni láti kọ́ ọ ní èdè tí a ń sọ, kí ó lè ríran. Iṣẹ́ tiwa náà sì ni láti má ṣe jẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èdè tí ó bá wá láti ilé rẹ́rìn-ín. Ìjọba ni ó ni ìwé àṣẹ ìgbélùú. Ṣùgbọ́n kí ọmọ mọ̀ pé ibi tí ó jókòó sí jẹ́ tirẹ̀, ọwọ́ olùkọ́ ni ìyẹn wà.